Ohùn Tí Mo Fi Bẹ Dádì

Ọlọ́pàá obìnrin náà gbé fóònù kalẹ̀ sáàárín tábìlì, ó ní kí n tẹ́tí. Ohùn mi ni mo gbọ́. Ó rẹlẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀, bí ohùn ọmọ tí wọ́n pè wá sí pálọ̀ pé kó wá kí àlejò.

"Dádì, ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú sí mi, sà. Ọmọ yín ni mí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹ jẹ́ ká fi sínú ilé. Ẹ dárí jì mí, sà."

Adìyẹ kan ké lẹ́yìn ohùn náà, ni mo bá rántí ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkòsí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí kò lómi mọ́, ọmọ mi sùn lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ohùn ẹ nìyí àbí ohùn ẹ kọ́?"

"Ohùn mi ni, mà."

"Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó o ní ó fipá bá ẹ lò lo fi ránṣẹ́ sí i. Lọ́yà rẹ̀ ló gbé fọ́ìsì nóòtì yìí wá." Ó wò mí. Kì í ṣe pé ó kórìíra mi, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Àbúrò, là mí lóye. Ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, ṣé òun náà ló tún máa ń bẹ ẹni tó gún un?"

Èmi tí mo ti fi ẹnu jẹun láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo kọ́kọ́ ṣe òṣèré, mo wá di akọ̀ròyìn, mi ò rí gbólóhùn kan ṣoṣo sọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó jókòó sétí fèrèsé, tó ń jẹ gúgúrú, bá rẹ́rìn-ín.

"Èmi mọ ojú yìí o. Ìwọ lọmọ ọ̀dọ̀ inú fíìmù yẹn, tí ìyáálé ń lù! Háà, sístà, o mọ ẹkún sun. Ìyàwó mi sunkún títí lọ́jọ́ yẹn."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò ṣe sunkún ní àgọ́ ọlọ́pàá láti ọjọ́ náà títí dòní. Tí omijé bá fẹ́ yọ, màá yáa ka gúgúrú tó bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́pàá obìnrin náà pa fáìlì dé. "Bó ṣe wà yìí, kò lè dé kóòtù. Ìwọ sọ tìẹ, òun sọ tiẹ̀, fọ́ìsì nóòtì yìí sì wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Tó o bá mọ ẹlòmíràn tó ṣe irú ẹ̀ sí, mú un wá, kó wá sọ ọ́ níwájú mi, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹnì kan péré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lè fún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá mi máa ní kí n ti fáìlì yìí pa."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pàápàá kí n tó jáde.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí. Nílé wa, tí bàbá mi bá nà wá tán, àwa la máa ń lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Fọkanáísà ni bàbá mi, apá Òkè-Ògùn ló ti wá sí Èkó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bíi táyà. Kì í nani lemọ́lemọ́, àmọ́ tó bá ti nà ẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán títí o fi máa lọ kúnlẹ̀, kó o ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ má bínú, sà." Ẹni tí kò bá bẹ̀bẹ̀ kò ní jẹun. Ìgbà kan wà tó nà mí torí kerosíìnì tó dà nù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ pé òun lòun dà á nù. Bàbá mi gbọ́ ọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò mí, ó ń dúró. Mo lọ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà." Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó yọ ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ fún mi. Ẹran yẹn dùn. Mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ mọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó irú ọ̀rọ̀ yìí sínú sítétímẹ́ǹtì?

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Mo gba èsì WAEC mi, mo gba oyún, bàbá ọmọ mi ní òun ń lọ wo iṣẹ́ kan ní Kòtònú, ó sì ń wò ó títí dòní. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún kan, mo wọ ẹgbẹ́ òṣèré kan tí ń ṣe ìdánrawò ní gbọ̀ngán iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu. Olórí ẹgbẹ́ náà, Dádì ni gbogbo wa ń pè é, àti ẹni ogún ọdún àti ẹni ogójì. Ó ti lé ní àádọ́ta, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì máa ń béèrè bí ọmọ mi ṣe sùn kó tó béèrè ohunkóhun. Mi ò ní purọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá. Bàbá tèmi ti kú lọ́dún tó ṣáájú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Fíìmù tiwa kì í ní ìwé. Dádì á jókòó, á sọ ìtàn náà fún wa bí ẹni ń pa àlọ́. Tí kámẹ́rà bá ti ń yí, obìnrin kan tó ń tọ́jú aṣọ eré, tí a ń pè ní Mọ́mì, á dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, á máa pe ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Kì í lo ohùn. Ẹnu rẹ̀ lásán ló máa ń mì. "Sọ pé, ọkọ mi, kí ni mo ṣe fún yín?" Àwa á gbà á lẹ́nu rẹ̀, a ó fi ojú sí i, a ó fi ẹkún sí i, á wá di ọ̀rọ̀ wa. Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Kì í pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún mi. Mọ́mì máa ń sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ wo ọmọ yìí, bí mo bá ti mí, ó ti gbọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Àwọn tó kù ti lọ síbi tí a ti fẹ́ ya fíìmù, wọ́n ń to iná. Dádì ní kí n wá sínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ eré sí nílé rẹ̀, kí n wá yan aṣọ tí màá wọ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn. Mo sọ pé rárá. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi ọmọ mi bẹ̀ ẹ́. Aṣọ ọlọ́pàá kan, aṣọ eré, wà lórí hángà níwájú mi, fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó lókè rẹ̀, bíi pé èèyàn dúró síbẹ̀ tí kò lójú. Òun ni mò ń wò títí tó fi ṣe é tán.

Ó ní, "Lọ fọ ojú ẹ, wọ́n ń dúró dè wá." Mo lọ fọ ojú mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé tíréè ìgò ọtí fún àwọn àlejò inú eré, mo sọ ọ̀rọ̀ mi, mi ò ṣì í sọ. Tí ẹ bá rí fíìmù náà, ẹ ò lè mọ̀. Èmi náà ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mọ́mì wá sílé wa. Mo sọ fún un. Ó mú mi lọ́wọ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, "Àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọ ẹ̀. Bẹ̀ ẹ́, kó má baà lé ẹ lẹ́gbẹ́. Gbé fóònù ẹ." Mo gbé fóònù mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fúnra mi. Ẹnikẹ́ni ò béèrè mi.

Iṣẹ́ ìròyìn, ohùn mi ló bá mi wá a. Iléeṣẹ́ ìròyìn kékeré kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Kétu, ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn ní Yorùbá. Olóòtú wa, tí a ń pè ní Àǹtí, rí i pé mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe ń kà á lọ, ló bá ń rán mi jáde. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo wádìí fúnra mi ni ti gọ́tà kan lẹ́yìn ọjà Mile 12, tí tòmátò jíjẹrà ti dí pa, tí omi rẹ̀ sì ń wọ yàrá àwọn èèyàn. Mo kọ "wọ́n ní" sí i níbi márùn-ún. Àǹtí fi bírò pa gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ní? Níbo ló dúró sí nígbà tó rí i? Má sọ fún mi pé nǹkan burú. Sọ ibi tí omi náà dé lára ògiri fún mi."

Mo padà lọ, mo fi ọwọ́ wọn ibi tí omi dé lára ògiri. Ìbàdí mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí n má béèrè ibi tí ẹni tó rí i dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi náà. Níbo lo dúró sí? Ta ló mọ̀? Kí ló wà lórí ìṣó?

Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí, ó dìde, ó pa fáànù kó lè gbọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́. Ó ní rárá.

"O ò lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kó o tún jẹ́ akọ̀ròyìn ẹ̀. Lọ sí tééṣàn. Tó bá dé kóòtù, màá rán ẹlòmíràn. Ìwọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bírò lórí ẹ̀."

Mo bínú sí i. Ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ló ní ẹnu lórí ọ̀rọ̀ náà àfi èmi. Àmọ́ mo lọ, ìyẹn ló sì gbé mi dé iwájú fóònù orí tábìlì yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò gùn. Ìròyìn ti dé àdúgbò ṣáájú mi. Tí mo bá lọ pọnmi, obìnrin kan nílé wa á rẹ́rìn-ín sínú korobá rẹ̀, á ní, "Ìràwọ̀! Pátì tú ti jáde àbí kò tíì jáde?" Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín gan-an kò ní wò mí. Ìyá mi kò sọ pé mo purọ́, kò sì sọ pé mi ò purọ́. Ó ń se oúnjẹ, ó ń mú ọmọ mi lọ síléèwé, ó ń gbàdúrà lóhùn jẹ́jẹ́. Pósítà kan ṣoṣo tí ojú mi wà nínú rẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, ó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì mo rí i lórí sẹ́ẹ̀fù ìdáná, ó ti tẹ́ ẹ sábẹ́ ìkòkò. Ìkòkò ẹ̀wà wà ní àgbọ̀n mi. Mi ò yọ ọ́. Ṣé torí pósítà ni màá bá ìyá mi jà?

Mo kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójijì sínú ìwé. Mẹ́rin ni mo rántí, àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí mo kàn gbọ́ orúkọ wọn. Mo pe ti àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ ló gbé fóònù, mo ní mo ṣì í pè ni. Èkejì gbọ́ ohùn mi dáadáa. Ó ní, "Mo ti ṣègbéyàwó. Mo ti bímọ. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀," ó sì ń sunkún kó tó pa á. Ti ẹ̀kẹta kò lọ mọ́. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ó ń tajà ní Owódé Onírin.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá mú ọmọ mi dání. Ó ti pé ọdún márùn-ún. Gbogbo ibẹ̀ ń hó: òòlù, jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń fi irin họ irin. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì nínú agolo mílíìkì, ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. Ó ju mí lọ ní bí ọdún mẹ́fà. Nígbà tó wà lẹ́gbẹ́, òun ló máa ń ṣe ìyàwó. Mi ò bá a lẹ́gbẹ́, àmọ́ aṣọ rẹ̀ ni wọ́n fún mi.

Mẹkáníìkì kan dé ṣáájú mi. "Ìyàwó inú fíìmù, ẹ fún wa ní nọ́ọ̀tì fọ́tíìnì mẹ́rin."

"Ìyàwó bàbá ẹ ni. Mú owó wá kó o tó fọwọ́ kàn án, olójúkòkòrò."

Ó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo wọ léèsì búlúù mi nínú fíìmù."

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni."

"Ó fún mi lápá. Ṣé ó fún ìwọ náà?"

"Ó fún mi, mà."

Ó fún ọmọ mi ní agolo nọ́ọ̀tì kan pé kó tò ó fún òun, kékeré pẹ̀lú kékeré. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo sọ ọ́ bí Àǹtí ṣe kọ́ mi: ọjọ́, yàrá, ìlẹ̀kùn, ohun tó wà lórí ìṣó. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ń fi òwú nu òróró lọ́wọ́, ó ń nu ibi kan náà ṣáá.

"Mo ti gbàgbé," ló sọ nígbà tí mo ṣe tán.

"Ẹnì kan péré ni wọ́n ní kí n mú wá, mà. Tí mi ò bá rí ẹnì kan, wọ́n á tì í pa lọ́jọ́ Ẹtì."

"Mo ní mo ti gbàgbé. Ọkọ mi ò mọ̀. Ìyá ọkọ mi ò mọ̀. Àwọn tó wà níta yẹn ń fi mí ṣeré, inú mi dùn sí i. Ṣé kí n lọ bà á jẹ́?"

Ni mo bá kúnlẹ̀. Mi ò rò ó, ara mi ló mọ ọ̀nà. Mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ sínú ìdọ̀tí irin, mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Ó fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú.

"Dìde! Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, má kúnlẹ̀ fún mi! Ó tó gẹ́ẹ́!"

Ọmọ mi gbójú sókè, nọ́ọ̀tì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde. Ojú ń tì mí, torí kí n lè ṣàlàyé ara mi ni mo fi sọ èyí tí mi ò fẹ́ sọ: pé mo ti bẹ̀ ẹ́ rí, pé fọ́ìsì nóòtì tí mo fi bẹ Dádì ló ń pa ẹjọ́ mi. Mo gbé fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn mi jáde láàárín ariwo òòlù. "Ọmọ yín ni mí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹ jẹ́ ká fi sínú ilé."

Kò jẹ́ kó parí. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo gbọ́ tó ń fa dúróà, mo gbọ́ tó ń wá wáyà. Ó gbé fóònù àtijọ́ kan jáde, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ bí ilé aláǹtakùn. Ó fi sí iná, a jókòó, a ń wò ó títí tó fi tàn. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun kò fi jù ú nù. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Dádì, ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú sí mi, sà. Ọmọ yín ni mí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹ jẹ́ ká fi sínú ilé, sà..."

Nígbà náà ni mo rí i. Mo rí ẹ̀yìnkùlé wa, mo rí kànga, mo rí Mọ́mì tó lóṣòó níwájú mi tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Sọ pé, ọmọ yín ni mí. Mo ti gbàgbé pátápátá. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ fún ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì ń pè sí mi lẹ́nu kì í ṣe nǹkan tí mò ń kà sí mọ́. Ọdún méjì ni mo fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe mí ni mo ti gbọ́.

"Mọ́mì," ni mo wí.

"Níbo ló ti pè é fún ìwọ?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa."

"Inú mọ́tò Dádì ló ti pè é fún èmi. Ó ń fi òróró pa mí lórí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. "Àmọ́ tèmi dùn ju tìẹ lọ. Dúró gbọ́ ìparí." A gbọ́ ìparí. Ó ti fi kún un pé, "Ẹ̀mí yín á gùn, sà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí mẹkáníìkì tó wà níta fi bojú wolé pé kí ló ṣẹlẹ̀, tó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín, tó yíjú padà.

Kò ṣèlérí. Ó ní, "Máa lọ. Má dúró dè mí." Ọmọ mi gbé agolo fún un. Ó ti to gbogbo rẹ̀, kékeré pẹ̀lú kékeré.

Ọjọ́ Ẹtì, mo dé tééṣàn kí wọ́n tó gbá ilẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọlọ́pàá obìnrin náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, kò béèrè. Ọ̀gá elégúgúrú náà kọjá, ó ní, "Sístà, ṣé ò ń dúró de dáírẹ́kítọ̀ ni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí màá sọ fún ìyá mi, mo wá rántí pé kò ní béèrè. Ìyẹn ló dùn mí jù: pé tí wọ́n bá ti fáìlì náà pa, kò sí ẹnì kankan tí mo máa lọ sọ fún. Oòrùn ti yí sí ẹ̀yìn ilé kí obìnrin Owódé tó wọlé. Aṣọ ṣọ́ọ̀bù ló wọ̀, òróró wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò kí mi. Ó kọjá lọ tààrà, ó gbé fóònù tó fọ́ náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Mo wá sọ tèmi."

Ọlọ́pàá obìnrin náà tẹ fóònù kìíní, ó tẹ èkejì. Ó tún wọn tẹ̀. Gúgúrú dúró lọ́wọ́ ẹni tó wà létí fèrèsé.

"Ta ló kọ́ yín lọ́rọ̀ yìí?"

Òun ló dáhùn. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ya fíìmù láìsí ìwé, bí ẹnu Mọ́mì ṣe máa ń mì lẹ́yìn kámẹ́rà. Èmi ṣàlàyé tèmi. Ọlọ́pàá náà ń kọ ọ́, ó ń béèrè ibi tí Mọ́mì lóṣòó sí, mo sì mọ ibẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti fọwọ́ sí i, òróró ọwọ́ rẹ̀ fi àmì ìka dúdú kan sétí ìwé náà.

Níta, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn.

"Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ kóòtù, màá wá, màá sọ ọ́. Àmọ́ ìwọ, má pè mí, má kí mi. Tí mo bá ń rí ẹ, mo ń rí i." Ó sọdá títì. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ yìí kó mọ adùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀, òun nìkan ni, òun náà ló sì lọ yẹn. Mo pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ bó ṣe fẹ́.

Fáìlì náà dé kóòtù. Àǹtí rán ẹlòmíràn, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tí kò mọ ojú mi dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró létí fèrèsé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin Owódé wà ní ìparí kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó kọjú sí ògiri. Dádì wọlé pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, agbádá funfun, irùngbọ̀n funfun. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá dìde fún un. Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mọ́mì ń tẹ̀ lé e bọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Dádì dúró níwájú mi.

"Ọmọ mi. O ti tètè dé. Ọmọ ńkọ́?"

Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ẹnu Mọ́mì. Ó ń mì. Kò sí ohùn. Kúnlẹ̀, ló ń sọ. Kúnlẹ̀.

Orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó ti tẹ̀, kí n tó mọ̀ ó ti ń lọ sílẹ̀. Mo di irin fèrèsé mú. Mo dì í mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, mo sì wo Mọ́mì lójú títí ẹnu rẹ̀ fi dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí, lóòró.

Dádì ń dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń dúró. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé kóòtù yọjú, ó pe ẹjọ́ wa, gbogbo wa sì wọlé. Obìnrin Owódé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwò mí.

Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ mìíràn. Mo wọkọ̀ padà, mo sọ̀ ní Kétu, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìkòsí kí n lè mú ọmọ mi níléèwé. Orúnkún mi ń dùn mí ní gbogbo ọ̀nà, bíi pé mo ru ẹrù.